Ẹ̀gbin Abẹ́ Píkọ́ọ̀pù

Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ni Ìyá Oníná kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí mọ́tò náà. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha géètì irin kan tó ń jó pọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òórùn ọ̀hún wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú, ó gbójú sókè. Píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kan ló ń wọ ọgbà bọ̀, ó ń rọra rìn bí ẹni tí bàtà ń pa lẹ́sẹ̀. Iwájú rẹ̀ ga fíofío, táyà rẹ̀ méjèèjì sì là síta díẹ̀, bí ewúrẹ́ tó fẹ́ tọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Oníná," ni ọkùnrin tó wà á wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀. Kí ló kú sínú mọ́tò yín?"

"Ẹyin ni. Èyí tó ti fọ́ síbẹ̀ ò lóǹkà. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, ó ti wọ inú fóòmù àga lọ."

Ẹlẹ́yin ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin náà, nítorí òun ló ń kó ẹyin wá fún ìdajì àwọn ṣọ́ọ̀bù ìlú láti oko adìyẹ rẹ̀ lórí òkè. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ẹni tó jẹ́ pé bó bá gbá èèyàn lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, òun náà ló máa bẹ̀bẹ̀, bí ẹ bá sì gbá a, òun náà ni.

Ìyá Oníná ní tirẹ̀, ajórin ni. Ó ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi iná so irin mọ́ irin. Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o, ó wà nínú ìwé ilé ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n bó o bá dá orúkọ náà ládùúgbò yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó ò ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, òun nìkan lobìnrin láàárín ọkùnrin méje. Wọ́n ní iná máa jó o nírun, kò ní rí ọkọ fẹ́. Iná jó o nírun lóòótọ́, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún rí ọkọ fẹ́: olùkọ́ ìṣirò kan tó gbé àga ilé ìwé tó kán wá kó bá òun jó o, tó wá ń gbé èyí tí kò kán wá lẹ́yìn ìyẹn.

"Ẹ sọ ohun tó ń ṣe é fún mi," ó wí fún Ẹlẹ́yin.

Ẹlẹ́yin rò ó látilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe píkọ́ọ̀pù náà wá, táyà iwájú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bí tọ̀tún bá kó sí kòtò, tòsì ò ní gbọ́. Ìyẹn dára lójú ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko rẹ̀, àpáta àti gegele ni, àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn sì ń kán síbẹ̀ bí igi ìṣáná. Ló bá gbọ́ pé àwọn kan ń yọ gbogbo ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ náà dànù, tí wọ́n ń fi ásù kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, irin gbọọrọ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù, tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ tòsì, tó sì jókòó sábẹ́ àwọn sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó to léra. Ó gbé e lọ, wọ́n sì ṣe é. Oṣù mẹ́ta ni inú rẹ̀ fi dùn.

"Nísinsìnyí, bí mo bá ti ń sáré díẹ̀, tí táyà kan bá gun òkúta tí ò ju ìkúùkù lọ, iwájú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n lásán o. Sítíárì á máa na èèyàn lọ́wọ́ bí ẹni ń na olè. Ìyàwó mi ti búra pé òun ò wọ̀ ọ́ mọ́."

"Ta ló ṣe é fún yín?"

Ẹlẹ́yin wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná."

Ìyá Oníná fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò náà sókè, ó ki igi bọ abẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ páálí, ó wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà dúdú ló kọ́kọ́ rí, ó ń dán, ó kúnná bí ìpara. Ìyẹn gan-an ló fu ú lára. Ibi tí wọ́n bá jó dáadáa kì í kúnná bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣe ìpẹ́ wẹ́wẹ́ bíi ti ẹja, tí ọ̀kan á gun èkejì léra. Ó mú òòlù kékeré, ó kan ibi tí wọ́n ti so sípíríǹgì mọ́ ṣásí, ìyẹn egungun ẹ̀yìn tó gbé gbogbo mọ́tò ró. Irin tó dára máa ń ké gooro. Eléyìí ní "bùù", bí ìgbà tí wọ́n gbá ìrọ̀rí.

Ó tún un kàn. Nǹkan kan ya, ó já lù ú láyà. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Pọ́tì ni, nǹkan rírọ̀ tí àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń dí ibi tó bá tẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n fi ń tún ojú ṣe ni wọ́n fi di egungun mú.

Ó ha ìyókù kúrò. Àlàfo tí ìka rẹ̀ lè wọ̀ wà láàárín irin méjì tó yẹ kí iná ti sọ di ọ̀kan. Wọ́n to ọ̀pá ìjórin tí wọn ò tíì lò sínú ẹ̀ bí ẹni to igi ìdáná, wọ́n wá fi agolo wàrà tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ bo ẹnu rẹ̀. Agolo náà ò tiẹ̀ jóná. A ṣì lè ka ọjọ́ tí wàrà yẹn máa bàjẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rọ́bà bíréékì le dandan bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, nítorí kò gùn tó ẹsẹ̀ tuntun náà, ó sì ti ń sán.

Omi ẹyin kan wá já láti ilẹ̀ mọ́tò, ó kán sí i létí. Ó fò jáde lábẹ́ mọ́tò, ó tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀yin ń fi nǹkan yìí gbé ìyàwó yín?" ó bi Ẹlẹ́yin. "Ẹ ń fi í sọ̀ kalẹ̀ láti òkè?"

Ẹlẹ́yin tún wo bàtà ara rẹ̀.

Ìgbà tó padà wọ abẹ́ rẹ̀ láti wo ẹ̀gbẹ́ kejì irin náà ló rí àmì kan. Ẹnì kan ti fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu kókó mẹ́ta sára ṣásí, wọ́n tò tẹ̀léra, kedere. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lu irú àmì yẹn sí iṣẹ́. Bó bá ti jó o, tó ti wò ó, tó ti gbà pé kò ní dójú ti òun, á wá lù ú ní kókó mẹ́ta. Ọ̀gá rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó lọ sílé, ó jókòó ti oúnjẹ, kò lè jẹ ẹ́. Ó sọ ohun tó rí fún ọkọ rẹ̀, ìyẹn sì gbé ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń máàkì sílẹ̀.

"Bóyá wọ́n jí irin tó fi ń lu àmì ọ̀hún ni," ọkùnrin náà wí.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

"Àbí o fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ìdààmú tó wà nínú kéèyàn fẹ́ oníṣirò nìyẹn, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn fi ẹnu kan pa irọ́ fún ara rẹ̀. Ó dìde. Ó lọ fi gíráńdà gé ibi tó bàjẹ́ jù kúrò lára píkọ́ọ̀pù náà, ìwọ̀n bíríkì kan, tòun ti àmì ara rẹ̀, ó dì í sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ó ti lé lọ́dún kan tó ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Pátákó tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ya píkọ́ọ̀pù kan sí i tó ń gun òkè tó dúró ṣánṣán bí ògiri. Ẹnudùn, ọmọ ọ̀gá, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ìyá Oníná pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó mọ bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn èèyàn.

"Ańtí wa! Ojú yín rèé! Ẹ ti gbàgbé wa pátápátá." Lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé. Ọwọ́ tó nà wá mọ́ tónítóní, kò sí àpá iná kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Ọ̀gá dà?"

Ọ̀gá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ òrùlé páànù, ó ń to ọ̀pá ìjórin sínú agolo, ó ń fọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Oníná kí i. Ọkùnrin arúgbó náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èjìká obìnrin náà ló ń rẹ́rìn-ín sí.

"Oníná! Ohùn ẹ ò yí padà."

Funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, bí èéfín tó há sínú ìgò. Àyà Ìyá Oníná já. Ó kọ́kọ́ bínú sí ara rẹ̀ pé òun ò wá wo baba yìí fún ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tó gbé lọ́wọ́. Ó tú àpò, ó gbé irin náà lé ọ̀gá lórí itan.

"Ẹ bá mi yẹ iṣẹ́ yìí wò."

Àtàǹpàkò ọ̀gá gba ara irin náà lọ, ó kan pọ́tì, ó dúró, ó tẹ̀ ẹ́. Pọ́tì fọ́. Ó ki ìka bọ àlàfo, ó kan agolo. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tí ó tẹ ìgbẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán.

"Iṣẹ́ ta nìyí? Ọmọ ìyà wo ló ń fi agolo há irin?"

Ẹnudùn dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó fi ìka lé ètè, ó ń mi orí sí Ìyá Oníná, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn rí i lára ju agolo lọ.

"Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, Ọ̀gá."

Ìka arúgbó náà rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kan kókó kìíní, ó kan èkejì, ó kan ẹ̀kẹta. Ẹnì kan ń ṣáná sí mọ́tò lójú pópó, kò ràn, ó ń ṣe "kẹ̀kẹ̀kẹ̀", ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ lo lù ú?" ọ̀gá bi ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jó o," Ẹnudùn dáhùn, ẹ̀rín ti lọ. "Ibi tí iná yín ò kàn ni mo bá yín dí. Ẹ fẹ́ kí n máa sọ fáwọn oníbàárà pé ẹ ò ríran mọ́? Orúkọ yín ni wọ́n ń tẹ̀ lé wá síbí, kì í ṣe tèmi."

Ìyá Oníná ń dúró kí ilẹ̀ ó mì. Ó mọ ìbínú ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó jó ẹsẹ̀ tábìlì kan, àlàfo kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ̀ ju irun lọ, baba yìí sì mú kó gé e, kó tún un jó, lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tábìlì lásán ni, kò gbé ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó nu ọwọ́ nù sára ṣòkòtò.

"Jó tìẹ lé e lórí," ó wí jẹ́ẹ́, "kó o kùn ún lọ́dà, kó o dá a padà fún ẹni tó ni ín."

"Ọ̀gá?"

"Ta ló máa ń yọjú sábẹ́ mọ́tò, Oníná?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń yọjú síbẹ̀."

"Mo ti darúgbó. Bí mo bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kí ni kí n máa ṣe? Kí n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọmọ, kí wọ́n máa fà mí lọ́wọ́ lọ sílé ìgbẹ́?" Ohùn rẹ̀ le. "Èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lóòótọ́. Ohun tó ń kó mi nírìíra nìyẹn."

Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i. Itọ́ ẹnu rẹ̀ korò bí ewúro. Bó bá ṣe pé ọmọ náà nìkan ló burú, ì bá gbá a létí, ì bá sì bá baba sunkún. Ṣùgbọ́n baba ti mọ̀. Kò rí i, ó ṣáà mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń jó irin tí kò rí, ó ń gbọ́ "ó dára, Bàbá" lẹ́nu ọmọ, ó sì ń yàn láti gbà á gbọ́.

"Mélòó ni ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀?" ó béèrè.

"Ìyẹn ò kàn yín, Ańtí," ni Ẹnudùn wí.

"Mẹ́fà," ọ̀gá dá a lóhùn. "Mẹ́fà ni, pẹ̀lú eléyìí." Ó da ojú kọ ògiri, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá Oníná gbé irin rẹ̀, ó jáde. Kò tíì rìn jìnnà tí èébì fi gbé e. Ó dì mọ́ òpó iná kan, ó bì sínú gọ́tà, obìnrin kan tó ń kọjá ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá, ṣé ẹ ti lóyún ni?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí ẹ̀rín náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni òun àti Ẹlẹ́yin fi wá márùn-ún tó kù kiri. Ẹlẹ́yin mọ gbogbo ẹni tó ń gun ọ̀nà òkè. Ìkan ń kó òkúta, ìkan ń kó igi pákó, ìkan ń kó agolo gáàsì, àfi bí ẹni pé ikú ló ni ọkọ̀ náà. Onígáàsì yìí fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

"Ẹ fẹ́ gba oníbàárà ọ̀gá yín, ẹ ń wá fi ẹ̀rù bà wá. Obìnrin yìí gbọ́n o!"

Ìyá Oníná dùbúlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò náà tòun ti òòlù, ó jáde, ó sì gbé pọ́tì tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo àwọn agolo gáàsì tó tò sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwo ibi tó ń jókòó sí.

Ẹni mẹ́ta gbé ọkọ̀ wọn wá. Ẹnì kan ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ òun, ó wa tirẹ̀ lọ. Ẹ̀karùn-ún ti tà á fún àlejò kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ìyẹn sì ń jẹ Ìyá Oníná lọ́kàn dòní.

Ti Ẹlẹ́yin ló kọ́kọ́ ṣe, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló sì gbà á. Ó sọ ásù náà kalẹ̀ pátápátá. Ó fi gíráńdà ha ṣásí títí tó fi ń tàn bí ṣíbí tuntun. Ó gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn bí ìka, ó fi bóòtù dè é, ó wá jó o yípo. Ó wọn bí ásù ṣe yẹ kó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, nítorí òun ni wọn ò wọ̀n, tó fi jẹ́ pé táyà ò mọ bó ṣe ń padà síwájú nígbà tí nǹkan bá gbá a. Ó ṣe ọ̀pá tuntun tí sítíárì máa fi darí táyà, kó má dàgẹ̀rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó fi rọ́bà bíréékì tó gùn sí i. Kò kun ibi kankan lọ́dà. Ó pe Ẹlẹ́yin kó wọ abẹ́ rẹ̀ wá wò ó fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ funfun ni ọkùnrin náà wọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan," ó wí fún un lábẹ́ ibẹ̀. "Ásù gbọọrọ yìí ò ní kán, ṣùgbọ́n ó le. Ara máa ro yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi koríko sábẹ́ ẹyin."

Ẹlẹ́yin wà á gun òkè, ó sì kó ẹyin sọ̀ kalẹ̀. Méjì ló fọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí iwájú, ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, ó fi ìkejì bo imú, nítorí òórùn àná ṣì wà nínú fóòmù.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ẹnudùn tàn án ká pé Ìyá Oníná ti gé ọwọ́ tó bọ́ ọ jẹ, àwọn kan sì gbà á gbọ́. Oníbàárà mẹ́rin kó iṣẹ́ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣù yẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ onígáàsì wá dé ìgboro, Ẹnudùn fi iṣẹ́ irin sílẹ̀, ó di akunmọ́tò. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀, pé bó bá kun mọ́tò, àfi bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é rí. Ó rí jẹ dáadáa. Bí Ìyá Oníná bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, ṣe ló máa ń wo òdìkejì títì.

Ó tó oṣù mẹ́jọ kí ọ̀gá tó wá. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú kan, ìyàwó rẹ̀ ló sì mú un wá títí dé ẹnu géètì. Ìyá Oníná fún un lága, ó fún un lómi mu. Arúgbó náà fi ojú kan yẹn wo gbogbo inú ọgbà yíká, ó wo irin tó wà lórí tábìlì, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ojú kan ti là," ó wí nígbà tó yá. "Mo ríran kedere. Jẹ́ kí n máa wá síbí. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ. Kí n ṣáà máa rí iná."

Ìyá Oníná ń wá àánú nínú ara rẹ̀, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó mọ̀ pé ó ti jò. Ohun tó rí níbẹ̀ ni agolo wàrà yẹn, àti ọkùnrin tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú agolo gáàsì.

"Rárá, Ọ̀gá."

"Nítorí ojú ni?"

"Kì í ṣe nítorí ojú."

Ọ̀gá gbọ́ ọ yé. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó gbé ife sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó dúpẹ́ bí ẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì, ó sì dìde. Ìyá Oníná sìn ín dé géètì, ó fà á lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó kí wọn pé kí wọ́n rọra o, ọ̀nà ò dára. Ó dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi yà ní kọ̀nà.

Nígbà tó dé ilé nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sọ fún un.

"Ṣé ó dùn ẹ́?" ọkọ rẹ̀ wí.

"Ó rí mi lára," ó dáhùn. "Òun, àti èmi náà tí mo lé e." Ó lọ síbi ìfọwọ́, ó bu ọṣẹ, ó sì fọ ọwọ́ tó fi fa ọ̀gá rẹ̀ dé géètì títí ó fi pọ́n.